Ta Ló Ṣẹ̀?

Kíkà: 2 Sámúẹ́lì 24:10-17, Jòhánù 9:1-7

Bí àìsàn bá pẹ́ lára ẹnìkan, kíá la ó ti máa bi í pé, "Kí lo ṣe?" Lóòótọ́, àjàkálẹ̀ àrùn tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì; ọkùnrin 70,000 ló kú. Àmọ́ Dáfídì tó ṣẹ̀ ò kú. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn èèyàn náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn náà béèrè ẹni tó ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe òbí rẹ̀. Ó sì là á lójú.

Tí ẹ bá ń lọ kí aláìsàn lónìí, ẹ má wádìí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ bá a gbàdúrà.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì mí níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti dá kún ìrora ẹlòmíràn. Àmín.