Ṣé Dandan Ni Kí Gbogbo Ọ̀dọ́ Ṣe Sójà?

ÌBÉÈRÈ: Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin làwọn méjèèjì, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 19. Bàbá wọn gbọ́ lórí rédíò pé ní Ísírẹ́lì, tọkùnrin tobìnrin ló ń ṣe sójà, láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ ká sinmi. Ó ní bí ìjọba Nàìjíríà bá lè kó gbogbo ọ̀dọ́ lọ sí bárékè fún ọdún méjì péré, yahoo-yahoo á dópin, igbó mímu náà á dópin. Inú Kẹ́hìndé ń dùn, torí iṣẹ́ sójà ti ń wù ú tipẹ́. Táíwò ní bó bá dé bẹ́ẹ̀, òun á sá lọ sí Kútọnu. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé wọ́n lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Ṣé ó sì dáa?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ. Olúwa á bá wa dá wọn sí.

Wọ́n lè ṣe é. Abala 220 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fàyè gba Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ láti ṣòfin tí yóò sọ iṣẹ́ ológun di dandan fún ará ìlú. Abala 34, tó ní a kò gbọdọ̀ fi tipá kó ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́, yọ iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó sì rántí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà fún un láti gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò sẹ́ni tó ṣe òfin náà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ti pé ṣé ó dáa, ibẹ̀ ni èmi àti Bàbá Ìbejì ti yapa. Ísírẹ́lì tí wọ́n ń wò yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ kéré, láti ọdún 1948 ló sì ti ń bá àwọn tó yí i ká jagun. Nítorí ogun ni wọ́n ṣe ń kó ọmọ wọn, kì í ṣe nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn. Sweden náà dá òfin tiwọn padà lọ́dún 2017 nítorí ìbẹ̀rù Rọ́ṣíà; síbẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n ń ṣà nínú àwọn ọ̀dọ́ wọn. Ẹ wá wo Eritrea. Oṣù 18 ni òfin wọn wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bá Ethiopia jà lọ́dún 1998, ọ̀pọ̀ tó wọṣẹ́ ni kò rẹ́ni dá wọn sílẹ̀ mọ́, ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fi ń sá gba inú aṣálẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ Táíwò pa mí lẹ́rìn-ín, torí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀dọ̀ wa níbí ni àwọn ará ìhà Kútọnu ń sá wá. Faransé ń fi tipá kó àwọn ọmọkùnrin Dàhọ̀mì, tó di Benin lónìí, lọ sógun. Àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá bíi tiwa, dìde sí wọn, kíkó ọmọ wọn lọ sójà sì wà lára ohun tó bí wọn nínú. Àwọn ará Kétu mìíràn kó ẹrù, wọ́n ré ààlà kọjá sí ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ẹni tí wọ́n fipá mú kì í pẹ́ rí ọ̀nà igbó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọjọ́ tí wọ́n bá dá àwọn ọmọ náà padà sílé. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, sójà wa kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí yóò fi parí, wọ́n ti lé ní 200,000. Ìbọn fọ́n káàkiri, iṣẹ́ kò sì tó. Ọdún 1970 yẹn gan-an nìjọba ṣòfin ikú fún adigunjalè, ọdún 1971 ni wọ́n yìnbọn fún Oyènúsì, ògbójú adigunjalè, ní Bar Beach l'Ékòó. N kò ní sójà ni Oyènúsì o. Mo ń ṣàlàyé irú àsìkò tó jẹ́ ni. Ẹ fi ọdún méjì kọ́ gbogbo ọmọkùnrin Nàìjíríà ní ìbọn yíyìn, kí ẹ wá dá wọn padà sí àdúgbò tí kò ti sí iṣẹ́: ṣé yahoo-yahoo la ó tún máa sọ?

Ó yẹ kí Bàbá Ìbejì rántí pé a ti ní ohun tó jọ ọ́. Ọdún 1973 ni Ọ̀gágun Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ ìhà kan lè mọ ìhà kejì lẹ́yìn ogun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wà ní káńpù, tí sójà á máa jí wọn kílẹ̀ tó mọ́. Ètò náà dára, mi ò ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ló ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àwọn tó jáde ilé ìwé gíga nìkan ni wọ́n ń kó, wọ́n sì lé ní 300,000 lọ́dún. Ọdún 2024 ni ìjọba fọwọ́ sí i kí àláwì wọn di 77,000 náírà. Ti 300,000 èèyàn nìkan lé ní bílíọ̀nù 23 náírà lóṣù kan, kí a tó ra bàtà. Mélòó ni yóò wá jẹ́ bí wọ́n bá kó gbogbo ọ̀dọ́?

Owó tilẹ̀ kọ́ ló dùn mí jù. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2011, wọ́n pa àwọn àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Bauchi, àwọn ọmọ tí òfin ló rán wọn débẹ̀. Ìjọba tó bá fi dandan gba ọmọ lọ́wọ́ òbí gbọ́dọ̀ lè dáàbò bò ó. Tiwa kò tíì débẹ̀.

Ní ti Kẹ́hìndé, ẹ má dí i lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ni ọ̀gá sójà ń wá, kì í ṣe ẹni tí wọ́n wọ́ wá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ológun ti ń gba orúkọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá a wọlé, jìbìtì ló ń ṣe. Kó máa sáré láàárọ̀ láti ìsinsìnyí, torí ìdánwò ara máa ń já àwọn kan kulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Táíwò máa bá ohun tó ń kọ́ lọ.

Kí ẹ sì fi sùúrù bi Bàbá Ìbejì lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí ni wọ́n rí. Bàbá tó ń pe sójà sí ọmọ tirẹ̀ lè ti rí fóònù tuntun kan lọ́wọ́ ọmọ náà tí kò mọ ibi tó ti wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi padà.