Ṣé Kí N Ta Ẹ̀rọ Rífáàbù Tòkunbọ̀ Yìí?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ní sítúdíò kékeré kan nínú yàrá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá gbohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹgbẹ́ jùjú kan náà sì máa ń wá. Láìpẹ́ yìí ni mo ra ẹ̀rọ rífáàbù Yamaha SPX90 kan, tòkunbọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ló wà. Ẹni tó tà á fún mi fi tiransifọ́mà kékeré kan kún un, ó ní Japan ni wọ́n ti kó o wá. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ń kùn ṣáá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo kàn fowó ṣòfò ni, pé plug-in ọ̀fẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi dára jù ú lọ. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé bí mo bá ti fi sára gángan, ohun tí ìlù náà ń sọ kì í yéni mọ́. Ṣé kí n tà á ni?

Onísítúdíò, Mọ́kọ́lá

Ìdáhùn

Àbúrò mi, má tíì tà á. Ṣùgbọ́n yọ ọ́ lára iná ná, ká jọ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n kọ iye fóòtì tó ń lò síbi tí wáyà iná ti wọlé. Iná ilé ní Japan jẹ́ 100, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, tiwa níbí jẹ́ 230 sí 240. Púpọ̀ nínú àwọn tiransifọ́mà kéékèèké ọjà, 110 ni wọ́n ń gbé jáde. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 100 bá ń jẹ 110 lójoojúmọ́, kò ní jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbígbóná ni yóò máa gbóná, àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún á sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ 100 ni wọ́n kọ sẹ́yìn tìrẹ, wá tiransifọ́mà tó ń gbé 100 jáde. Jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò kò sì bá a lára mu rárá. Bí o bá ní sitebiláísà, ibẹ̀ ni kí iná rẹ̀ gbà.

Ní ti kíkùn yẹn, tiransifọ́mà náà gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Níbo lo gbé e sí? Bó bá wà lórí ẹ̀rọ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ohùn, agbára òòfà tó ń jáde lára rẹ̀ á máa wọ inú wáyà. Gbé e jìnnà, kí o tún fetí sí i. Bó bá ṣì ń kùn, fa wáyà tó ń gbé ohùn wọlé yọ, kí o fi èyí tó ń gbé e jáde sílẹ̀. Tó bá dákẹ́, àárín ẹ̀rọ náà àti kọ̀ǹpútà rẹ ni wàhálà wà: ojú iná kan náà ni kí gbogbo wọn ti máa mu iná, kí o sì lo wáyà balanced. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà. Ẹ̀mí ènìyàn ni ẹsẹ̀ yẹn ń ṣọ́. Bí kò bá dákẹ́, inú ẹ̀rọ ló ti ń bọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn kapásítọ̀ ibi tí iná ti ń wọlé ló ti gbó. Gbé e lọ fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́. Má dá a tú, torí iná lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí o bá ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Ó kan ọ̀rẹ́ rẹ wàyí. Kò purọ́ tán. Bó bá jẹ́ pé ohùn gbọ̀ngàn ńlá tó dà bí gbọ̀ngàn gidi lo ń wá, plug-in ọ̀fẹ́ náà á ṣe é ju SPX90 lọ. Àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn làwọn èèyàn ṣì ṣe ń wá ẹ̀rọ yìí kiri.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ EMT ti Jámánì gbé EMT 250 jáde ní 1976, rífáàbù dígítà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà, tí Barry Blesser ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́ sí, nǹkan bí 20,000 dọ́là ni iye rẹ̀. Lexicon 224 dé ní 1978, iṣẹ́ ọpọlọ David Griesinger, onímọ̀ físíìsì. Ìyẹn náà kì í ṣe ohun tí ọwọ́ onísítúdíò inú yàrá ń tó. Nǹkan bí 1985 ni SPX90 jáde, tí kò tó ẹgbẹ̀rún dọ́là. Kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀, wọ́n dín ohun tó lè gbé kù: ìgbà 31,250 ló ń ka ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí síídì ń kà á ní 44,100. Nítorí náà, ìró tó bá ga ju 12 kilohertz lọ kò lè gba inú rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ etí ọ̀dọ́ bíi tìrẹ ń gbọ́ tó 20.

Àǹfààní rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohùn akọrin fúnra rẹ̀ kò gba inú ẹ̀rọ náà, ẹ̀dà rẹ̀ ni ò ń rán síbẹ̀. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ lódindi. Ìró tó ń tẹ̀lé e nìkan ni kò mú. Sẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa ṣán níwájú láìsí pé ariwo rẹ̀ ń ta lẹ́yìn, akọrin tí máìkì rẹ ń mú "s" ẹnu rẹ̀ jù kò sì ní máa súfèé káàkiri orin. O lè fi ẹ̀kúẹ́lásà gé orí plug-in rẹ kó sún mọ́ ọn, n kò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ní ìró hágahàga díẹ̀ tirẹ̀ tó ń dùn lára gìtá. Gbé ètò Symphonic inú rẹ̀ sí gìtá jùjú kan, ìwọ náà á rí i. Kevin Shields, onígìtá ẹgbẹ́ My Bloody Valentine tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dublin, kò tilẹ̀ wá gbọ̀ngàn lọ sínú rẹ̀. Reverse Gate rẹ̀, tó ń jẹ́ kí ìró wú bíi pé ó ń padà sẹ́yìn, ni òun lò.

Bí o ṣe máa so ó kò le. Láti ojú kẹta tí ohùn ti ń jáde lára áúdíò íńtáféèsì rẹ, wọ inú SPX90. Ojú méjèèjì tó ń gbé ohùn jáde lára rẹ̀ á padà sórí tíráàkì tuntun. Tẹ Balance, kí o gbé e dé 100, kó má baà dá ohùn gidi padà mọ́ ìró. Gbé Input Level sókè títí ibi tó kígbe jù nínú orin á fi súnmọ́ pupa láìkàn án, torí bí ohùn bá wọlé pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ jù, ariwo ẹ̀rọ ni wàá máa gbọ́ nígbà tí ìró bá ń kú lọ. Má sì ṣe rán tíráàkì tuntun yẹn padà sínú ẹ̀rọ, àfi tó o bá fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ híhan rẹ̀.

Gángan ló wá gba sùúrù. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, ó tún ń yọ̀ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bí rífáàbù bá gùn tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ohùn òkè tí onílù ti lù kọjá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ti ìsàlẹ̀ bá dé. Etí á gbọ́ méjèèjì pọ̀, ọ̀rọ̀ á dàrú. Fi ètò Rev 1 Hall sílẹ̀ fún àwọn akọrin. Rev 2 Room ni kí o gbé sí gángan, kí Rev Time má ju 0.8 lọ. Fún Delay rẹ̀ ní nǹkan bí 35 mílísẹ́kọ́ńdì, kí ọwọ́ onílù ti sọ tirẹ̀ kí ìró tó dé. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á tún fi mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀ kún un lọ́nà àjò ohùn lọ-bọ̀. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Sún HPF, tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò, dé nǹkan bí 250, torí ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń pẹ́ nílẹ̀ jù. Bí kò bá tíì mọ́, gbìyànjú Early Ref. 1, tó ń fún ìlù láyè láìní ìrù gígùn. Lẹ́yìn náà, pe ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbà á, kí ó sọ ohun tí ìlù wí. Má bi onílù, òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ohun kan náà ni fún akọrin tó ń kọrin Yorùbá kíákíá: dín rífáàbù kù níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sáré, kí o gbé e sókè níbi tó bá ti fa ohùn gùn.

Ètò 1 sí 30 kì í parẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ ló ń bá ọ tọ́jú èyí tí o bá fi sí 31 sí 90. Bí oníṣẹ́ bá tú u, ní kó pààrọ̀ bátìrì náà pẹ̀lú, kí o sì kọ gbogbo ètò rẹ sínú ìwé kó tó fọwọ́ kàn án. Bí owó àtúnṣe bá wá ju iye tí o rà á lọ, nígbà náà ni kí o tà á, kí o sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé ó ń kùn.