Àpótí Ìmọ̀: Bí Ìmọ́lẹ̀ Tó Tẹ̀ Ṣe Ń Tú Àṣírí Èròjà Òkùnkùn

Ẹni tó bá fi ìdí ife gíláàsì wo ìwé ìròyìn yóò rí i tí àwọn lẹ́tà ń nà gbọọrọ, tí òmíràn ń tẹ̀ bíi dòjé. Ohun tó bá wúwo gan-an lójú ọ̀run máa ń fi agbára òòfà rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀.

Títẹ̀ yìí ni òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń fi wá èròjà òkùnkùn: kò tàn, ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ó wúwo.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ ni Bullet Cluster, níbi tí agbo ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ méjì ti forí gbárí, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Awò awọ̀nàjíjìn Chandra, tó ń wo ìtànṣán X-ray, fi hàn pé gáàsì gbígbóná agbo méjèèjì kọlu ara wọn, wọ́n sì fà sẹ́yìn sí àárín. Gáàsì yìí ló pọ̀ jù nínú èròjà tó ṣeé rí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló wúwo jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ìbá ti tẹ̀ jù.

Kò rí bẹ́ẹ̀!

Ní 2006, Douglas Clowe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn bí àwòrán àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣe lọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti bá ìwúwo náà, ó ti ré kọjá gáàsì. Èròjà òkùnkùn agbo kan ti gba inú ti èkejì kọjá, láìfi bẹ́ẹ̀ kọlu ara wọn.