Kápúsù Kọ́ ni Gbogbo Inú Rírun Ń Fẹ́

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọ̀dọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ojú títì, oògùn apakòkòrò bíi Flagyl tàbí tetracycline ló máa ń sáré rà. Ara á yá díẹ̀, á pa ìyókù tì.

Ewu ńlá nìyẹn! Kòkòrò àìfojúrí tó lágídí lè yè, kó sì máa bí sí i. Fleming, tó ṣàwárí penicillin, ti kìlọ̀ ní 1945 nípa lílo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó. Ní 2019, kòkòrò tí oògùn ò ràn pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 èèyàn lágbàáyé.

Ọwọ́ ìdọ̀tí, omi ìdọ̀tí àti ẹran tí kò jinná ni Salmonella, kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ń gbà wọ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n iná ń pa èyí tí oògùn ò rí pa: ẹ̀wà tó ń hó ni kí ọ̀dọ́ rà, kì í ṣe èyí tó ti tutù láti àárọ̀.

Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló kọ́kọ́ yẹ aláìsàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ló kàn.