Ẹ Má Fọwọ́ Ara Yín Wó Odi Tó Ń Dáàbò Bò Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń wá oògùn tí yóò mú ara yín le, tí àìsàn kankan kò ní lè wọlé. Àwọn kan ń tà á nínú ìgò, àwọn kan ń tà á ní hóró, ẹ sì ń náwó sí i. Ohun tí ẹ ń wá kiri ọjà yìí ti wà lára yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹ má ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ́ ohun tó yẹ kó kọ́.

Ara ènìyàn dà bí ìlú olódi, awọ sì ni odi náà. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ló tò léra wọn pinpin lójú awọ, tí kòkòrò àrùn kò fi ráyè kọjá. Níbi tí kò bá sí irú awọ bẹ́ẹ̀, ara ti ṣe ètò mìíràn. Èròjà kan wà nínú omijé àti ikun imú tó ń fọ́ èèpo ara bakitéríà; Alexander Fleming, ẹni tó wá rí pẹnisílìn lẹ́yìn náà, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1922. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń mú eruku àti kòkòrò mọ́lẹ̀, irun tín-ín-tìn-ín inú ọ̀nà èémí sì ń gbá a sókè títí a ó fi tu ú síta tàbí kí a gbé e mì. Èyí tí a bá gbé mì, inú ásíìdì ikùn ló ń bọ́ sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń kú sí.

Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìpara abóra fi ń dùn mí. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní steroid wà nínú púpọ̀ lára àwọn ìpara tí wọ́n ń pò pọ̀ tà fún yín. Ó máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì máa ń di àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọmọ ogun inú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ti ń bóra láti ọdún pípẹ́, egbò kékeré á pẹ́ lára rẹ̀, làpálàpá á máa ràn káàkiri, bí dókítà bá sì fẹ́ rán ojú ọgbẹ́ fún un, awọ náà lè má gba òwú dúró. Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọ̀ dúdú yẹn kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ fi í sílẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá ṣe fi í jíǹkí yín.

Ká wá ní odi náà ya, tí ìṣó gún yín lẹ́sẹ̀. Láìpẹ́, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á sì máa ta yín. Ara ló ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lè gba ibẹ̀ jáde lọ bá kòkòrò. Mùdùnmúdùn inú egungun ló ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí lójoojúmọ́, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Ní Messina, ní Ítálì, ní 1882, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Elie Metchnikoff, fi ẹ̀gún róòsì gún ọmọ ẹja ìràwọ̀ tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi díńgí. Nígbà tó máa fi di òwúrọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti yí ẹ̀gún náà ká. Ibẹ̀ ló ti yé e pé wọ́n máa ń gbé àjèjì mì, òun àti Paul Ehrlich sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908. Ọyún tí ẹ ń rí lójú egbò, òkú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kókó tó ń wú níbi tí itan ti pàdé ikùn, ibùdó ogun ni. Àwọn ọmọ ogun ló ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Kódà bí gbogbo ara bá gbóná, ọpọlọ ló pàṣẹ rẹ̀, nítorí ooru náà kì í bá ọ̀pọ̀ kòkòrò lára mu.

Nítorí náà, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò. Ẹ yéé tú kápúsù dà sí i. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín, ẹ sinmi, kí ẹ sì mu omi dáadáa. Ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú: oògùn tó ń pa bakitéríà kò lè pa fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn, lílò ó nílòkulò sì ń sọ kòkòrò di alágídí tí oògùn kò ràn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọdé bá gbóná, ẹ má dúró wò ó. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ibà lọ́jọ́ náà.

Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni pé ara máa ń rántí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé ọ̀tá kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọ̀tá náà bá dé, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó pọ̀ tó. Bó bá padà wá, wọ́n ti ń dúró dè é. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí àrùn ìgbóná bá mú tó sì là á já, kì í sábà tún mú un mọ́. Onesimus, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fi ṣẹrú ní Boston, ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, bí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń sín gbẹ́rẹ́ sí apá ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí wọ́n á fi díẹ̀ nínú omi egbò ẹni tí ìgbóná mú sí i. Nígbà tí ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Boston ní 1721, wọ́n lo ìmọ̀ náà. Ní 1796, dókítà kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Jenner, lo omi egbò ìgbóná màlúù, tí kò le tó ti ènìyàn, dípò rẹ̀. Ní May 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti kúrò láyé. Ẹ wo apá àwọn òbí yín àgbà: àpá bupá, ìyẹn àjẹsára ìgbóná, ṣì wà níbẹ̀, róbótó, tó jìn díẹ̀.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí àrùn kọ́kọ́ mú ọmọ ló dára jù. Ẹni tí tẹ́tánọ́ọ̀sì mú tó sì yè é, ó tún lè mú un, torí oró rẹ̀ tó lè pa ènìyàn kéré ju èyí tí ara lè fi dá a mọ̀. Àjẹsára nìkan ló lè kọ́ ara láti dá oró yẹn mọ̀. Àrùn èéyi ní tirẹ̀ máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí, tí ọmọ tó yè é yóò fi tún máa ṣàìsàn ohun tí ara rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti Houston, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ara kọ́ lórí ibà kì í dúró bí ẹ̀fọn kò bá jẹ yín mọ́ fún ọdún púpọ̀, àwọn ọmọ tí ẹ bí sọ́hùn-ún kò tilẹ̀ kọ́ ọ rí. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, ẹ gba oògùn tó ń dènà ibà lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó wọ bàálù, kí ẹ sì sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ìyálọ́mọ tuntun, ẹ má ṣe fún omi ọyàn àkọ́kọ́ aláwọ̀ ìyeyè yẹn dànù. Ohun ìjà tí ara yín ti rọ fún ọmọ ló kún inú rẹ̀. Gbogbo yín, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́, kí ẹ sì sùn tó lóru. Lọ́la, ẹ wá káàdì àjẹsára àwọn ọmọ yín jáde. Èyí tí ẹ bá ti fò níbẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ gbà á ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ara yín á le, ẹ ó dàgbà, ẹ ó sì rí ọmọ ọmọ yín.