Ilé Kòkó Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin: Bí A Ṣe Ń Fi Páálí Kọ́ Ilé Tó Ti Gbó

Ní ẹ̀ka wa, láti ọdún kejì ni wọ́n ti ń kọ́ wa láti fi páálí ṣe mọ́dẹ́lì ilé. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń funfun báláú, nítorí pé ilé tí à ń ṣe kò tíì sí láyé. Òjò kò tíì pa á, ẹnikẹ́ni kò sì tíì fi ẹrù gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ bá yín sọ yàtọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kòkó kan ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin láàárín Ìbàdàn àti Òṣogbo, mo sì kọ́ ọ sórí pátákó tí kò gùn ju mítà kan lọ, kí rélùwéè kékeré mi lè rí ibi dúró sí.

Ọdún 1901 ni rélùwéè láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn. Ní 1947, ìjọba dá bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ní 1986, wọ́n pa irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà náà ni ilé tí mo ń wí yìí ti ṣófo. Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi, mo bá àwọn kan tí wọ́n ń ka páànù orí rẹ̀ láti tà á. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn yóò wó o. Mo bèèrè káàkiri, kò sẹ́ni tó ní àwòrán rẹ̀. Ohun tí mo bá wọ̀n ni yóò ṣẹ́kù.

Téèpù nìkan ni mo ní, n kò sì lè gun ògiri. Gígùn ilé náà nílẹ̀ jẹ́ mítà 18.3, ìbú rẹ̀ mítà 9.5. Gíga rẹ̀ ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù ni mo kà. Búlọ́ọ̀kù kan ga ní mìlímítà 225. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín kún un, ipele kan á sún mọ́ 250. Ipele 16 ni mo kà, ìyẹn mítà mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí ọwọ́ yín tó o. Mo wọn ipele mẹ́rin nísàlẹ̀, mítà kan géérégé ló jẹ́.

Páànù kan, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ibi tó gun ara wọn kúrò, ń bo nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 61. Mo ka 31 lórí ìlà kan. Èyí jẹ́ mítà 18.9, nítorí náà òrùlé yọ síta ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti gbẹ́ ojú ilẹ̀. Mo wọ̀n láti ìdí ògiri dé ibi tó gbẹ́ yẹn, sẹ̀ǹtímítà 30 náà ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó wá kan bí a ó ṣe dín in kù. Ojú irin àtijọ́ tiwa fẹ̀ ní mìlímítà 1067. Ojú irin ìṣeré tó wọ́pọ̀ jù láyé fẹ̀ ní 16.5. Tí ẹ bá fi 16.5 pín 1067, ẹ ó rí nǹkan bí 64. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo wọ̀n ni mo fi 64 pín: gígùn di mìlímítà 286, ìbú di 148, gíga ògiri di 62. Ẹni tí ààyè rẹ̀ kéré lè lo ojú irin oní-mìlímítà mẹ́sàn-án, kó sì fi 120 pín, ó bára mu. Ẹ má fi ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ṣe ìṣirò yìí o, 1435 ni tirẹ̀ fẹ̀.

Ògiri kò le. Páálí méjì ni mo lẹ̀ pọ̀, mo dá ìlà ọ̀kan bú èkejì kí ó má baà ká kò nígbà ọyẹ́. Mo fi báírò tí yíǹkì ti tán nínú rẹ̀ fa ìlà búlọ́ọ̀kù sí i.

Páànù niṣẹ́ wà. Láti orí ìgbì kan sí èkejì lára páànù gidi jẹ́ íǹṣì mẹ́ta, mìlímítà 76. Ẹ fi 64 pín in, ó di 1.2. Níbo ni ẹ ó ti rí ohun tó ní ìlà tó sún mọ́ra báyẹn? Lọ́wọ́ mẹkáníìkì ni. Bóòtù M8, èyí tí sípánà 13 ń tú, ní tírẹ́ẹ̀dì tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 1.25. Mo ra ọ̀kan tó gùn, tó jẹ́ tírẹ́ẹ̀dì láti òkè délẹ̀. Mo tẹ́ rọ́bà túúbù táyà sórí tábìlì, mo tẹ́ fọ́ìlì tí mo gé lára abọ́ oúnjẹ lé e, mo wá fi agbára yí bóòtù náà lórí rẹ̀. Ìlà jáde bíi páànù gan-an. Ṣùgbọ́n tírẹ́ẹ̀dì kì í yí po gbọnrangandan, nítorí náà ìlà tó bá jáde máa ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bíi dígírì mẹ́ta. Ẹ má gé fọ́ìlì kí ẹ tó yí i. Ẹ yí i tán, kí ẹ wá gé e tẹ̀lé ìlà. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi ṣòfò kí n tó mọ èyí.

Páànù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́jọ di mìlímítà 38. Ìlà mẹ́ta ló wà lápá kọ̀ọ̀kan òrùlé, ìyẹn ni pé páànù 186 ni mo gé. Ẹ má rò pé ẹ lè fi fọ́ìlì kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀, ojú máa ń mọ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ bíi káfíńtà, kí ti òkè lè gun ti ìsàlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò á wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kankan kò ní rọ̀ sórí tábìlì yín.

Mo kun òrùlé ní búráùn látòkè délẹ̀, mo sì fi ilẹ̀ pupa kun ìdí ògiri yí ká. Ó wù mí. Mo gbé e lọ bá bàbá kan ládùúgbò wa tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn kòkó nínú ilé náà.

Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé iná ló jó ilé yìí ni?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá, páànù ló dógùn-ún."

"Páànù kì í dógùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ibì kan ni í ti í bẹ̀rẹ̀. Ta ló sì da erùpẹ̀ sára ògiri tó kọjú sí ojú irin? Ṣebí sìmẹ́ǹtì la fi tẹ́ ibẹ̀."

Mo padà lọ wo àwọn fọ́tò tí mo yà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síńkì tí wọ́n fi bo páànù ló ń gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà. Ibi tí síńkì bá ti ṣí ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ojú ìṣó, etí ibi tí wọ́n gé, àti abẹ́ ibi tí páànù gun ara wọn, nítorí pé omi máa ń dúró síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Ilẹ̀ pupa náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló ń ta á sára ògiri, kò sì lè ta á níbi tí kò bá sí ilẹ̀, tàbí níbi tí òrùlé kì í da omi sí. Nínú ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ẹyọ kan péré ló yẹ kó pupa dáadáa: ẹ̀yìn ilé. Ògiri méjèèjì tí òrùlé ṣe ṣóńṣó lé lórí kì í gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Mo ṣí gbogbo páànù náà, mo tún un ṣe. Ẹ fi sípírítì nu òróró kúrò lára fọ́ìlì, kí ẹ wá fi ọ̀dà eérú tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń kọ́kọ́ fín kun ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ́rẹ́ tọ ojú ìṣó lórí ìgbì, ní ìlà tí igi òrùlé bá gbà kọjá. Ẹ fi búráùn tó ṣókùnkùn kan ojú ìṣó níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fà á wálẹ̀. Àwọ̀ ọsàn kò gbọdọ̀ pọ̀, ìpẹtà tuntun nìyẹn. Fún ẹ̀yìn ilé, mo fi aṣọ léèsì jọ ilẹ̀ pupa láti ibẹ̀ gan-an, mo pò ó mọ́ sípírítì àti ẹ̀kán gọ́ọ̀mù funfun kan, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ ta á láti ìsàlẹ̀. Lára ilé gidi, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 50, nítorí náà n kò jẹ́ kó kọjá mìlímítà mẹ́jọ.

Nígbà tí mo tún gbé e lọ bá bàbá, wọ́n ti wó ilé náà tán. Wọ́n fi ìka tọ ìlà ìṣó lórí òrùlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wá dúró síbi ilẹ̀kùn kejì. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣí síta, inú ló ń ṣí sí, torí àpò kòkó tó máa ń wà níta. Mo ti gé e kúrò, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ padà bí wọ́n ṣe wí.