Ìpalára Oògùn Lára Àwọn Àgbàlagbà: Ọ̀rọ̀ Wo Ni Ó Yẹ Kí A Lò?

Ní ọdún 1972, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé ohun tí a ń wí yìí ni ìṣesí ara sí oògùn, èyí tí ó ń ṣeni léṣe, tí a kò sì pète rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tí ó yẹ ni a lò. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn: aláìsàn kò ṣi oògùn lò, kò sì lò ó ní àlòjù. Nítorí náà, ‘àtúnbọ̀tán oògùn’ kò tọ́ rárá. Létí Yorùbá, àtúnbọ̀tán sábà máa ń jẹ́ ìgbẹ̀yìn ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ ọ lè fi ohun tí ń ṣe é pamọ́ fún dókítà kí a má baà dá a lẹ́bi.

Àwọn àgbà ní gbólóhùn tiwọn: ‘Oògùn yìí kò bá mi lára mu.’ À bá yọ ‘àìbáramu oògùn’ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n olùgbọ́ lè rò pé oògùn méjì ni kò bá ara wọn mu. Ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. ‘Ìtakora oògùn’ ni a ó pè é. ‘Ìpalára oògùn’ ni a fara mọ́ fún èyí.

Bí ọjọ́ orí ti ń ga, agbára kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ láti palẹ̀ oògùn mọ́ nínú ara a máa dín kù. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1975 fi hàn pé ó máa ń gba nǹkan bí ogún wákàtí kí ìdajì diazepam tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogún ọdún. Ti ẹni ọgọ́rin ọdún tó nǹkan bí 90 wákàtí. Àgbà tí ó ń lò ó lálaalẹ́ ń gbé ti òní lé ti àná àti ti ìjẹta.

Èyí tí ó léwu jù ni pé ìpalára oògùn a máa fara jọ ogbó. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lè mú kí ẹsẹ̀ wú. Bí a bá ka ẹsẹ̀ wíwú náà sí àìsàn tuntun, a ó fún baba ní oògùn tí ń mú ni tọ̀. Òòyì lè máa kọ́ ọ bí ó bá dìde, kí ó sì ṣubú. ‘Oògùn-lé-oògùn’ ni a dábàá fún àṣà yìí.

Ìbéèrè náà, ‘Oògùn wo ni ẹ ń lò, Bàbá?’, kò tó. Lọ́kàn ọ̀pọ̀ àgbà, ti ilé ìwòsàn nìkan ni dókítà ń béèrè. Kí atúmọ̀ dárúkọ àgbo, àgúnmu àti hóró tí a rà lọ́wọ́ akiri. Kí ó sì fi kún un pé kí baba má ṣe dá oògùn kankan dúró láìsọ fún dókítà.